Orí Kẹrin: Ẹ̀rọ Tó Dúró Kò Tíì Kú

Iná lọ ní nǹkan bí aago mẹ́ta ọ̀sán. Kúrọ́ṣà, ìyẹn ẹ̀rọ tó ń lọ àlòkù ike di wẹ́wẹ́, rọra dákẹ́. Ike ti há sí i lẹ́nu kí iná tó lọ, ọmọkùnrin tó wà nídìí rẹ̀ sì rò ó pé ìgbà tí iná kò sí yìí gan-an ló yẹ kí òun yọ ọ́. Ó ṣí ọmọrí ẹ̀rọ, ó ti ọwọ́ ọ̀tún bọ inú rẹ̀, ó ń fi ìka tú ọ̀rá tó lọ́ mọ́ abẹ. Kò pa súìsì. Iná ti lọ, kí ló tún fẹ́ pa? Kò ju ìṣẹ́jú mẹ́rin lọ tí ẹnìkan fi tan jẹnẹrétọ̀ lẹ́yìn ilé, tó sì yí iná sí i.

Mo wà nínú iléeṣẹ́ náà lọ́jọ́ yẹn. Èmi ni mo di ọwọ́ rẹ̀ mú sókè nínú ọkọ̀ títí a fi dé ilé ìwòsàn. Ìka mẹ́ta ló lọ. Ọmọ náà kì í ṣe ọ̀lẹ, kì í sì í ṣe alágídí. Ó fẹ́ kí iṣẹ́ bẹ̀rẹ̀ ní kíá bí iná bá dé ni. Èmi àti àwọn tó ń bójú tó o ni a kò kọ́ ọ ní ohun tó yẹ kó mọ̀, ọ̀pọ̀ ohun tí ẹ óò kà níhìn-ín ni mo sì tẹra mọ́ lẹ́yìn ọjọ́ náà.

Ẹ̀rọ tó ń sáré, ojú ń rí i, etí ń gbọ́ ariwo rẹ̀, ara sì ń bẹ̀rù rẹ̀ fúnra rẹ̀. Èyí tó bá dákẹ́ ni kì í jẹ́ kéèyàn fura. Bẹ́ẹ̀ ìgbà tó bá dákẹ́ náà ni ọwọ́ àti orí ènìyàn máa ń wọ ibi tí kì í wọ̀ lọ́jọ́ mìíràn: nígbà tí nǹkan bá há, nígbà tí a bá ń fọ̀ ọ́, nígbà tí a bá ń pààrọ̀ abẹ, nígbà tí fítà bá ń wá ohun tó ń dún nínú rẹ̀. Tí ẹ bá fẹ́ kí àwọn òṣìṣẹ́ yín máa fi gbogbo ìka wọn lọ sílé, àwọn ìgbà yìí ni kí ẹ kọ́kọ́ mú ní pàtàkì.

Ibi tí agbára ń fara pamọ́ sí

Iná mànàmáná nìkan kọ́ ló ń gbé ẹ̀rọ ṣiṣẹ́. Ẹ wo ẹ̀rọ tí wọ́n fi ń tẹ páànù irin. Orí irin kan tó wúwo wà lókè, epo tí wọ́n fún mọ́ inú páìpù ló sì gbé e dúró. Ẹ pa iná, orí irin náà ṣì wà lókè. Bí róbà epo bá bẹ́, tàbí tí fítà bá tú nọ́ọ̀tì tí kò yẹ, ńṣe ni yóò já wálẹ̀ láìdúró de ẹnikẹ́ni. Ìdí nìyẹn tí a fi ń gbé irin tó nípọn sábẹ́ rẹ̀, tàbí ká sọ ọ́ kalẹ̀ pátápátá, kí ẹnikẹ́ni tó ki orí bọ ibẹ̀.

Bákan náà ni kọ̀ǹpúrẹ́ṣọ̀ tí a ti pa láti àárọ̀: atẹ́gùn inú táǹkì rẹ̀ àti inú gbogbo ọpọ́n tó so mọ́ ọn ṣì wà níbẹ̀, ó sì lè ti apá ẹ̀rọ síwájú lẹ́ẹ̀kan náà. Àgbá irin tó ń yí lára ẹ̀rọ máa ń yí lọ fúngbà díẹ̀ lẹ́yìn tí a ti pa mọ́tò, nítorí ó wúwo. Sípíríǹgì tí a tẹ̀ mọ́lẹ̀ ń wá ọ̀nà àtinà. Àpótí tó ń dín eré mọ́tò kù tàbí tó ń mú un yára máa ń di iná mú fún ìṣẹ́jú mélòó kan lẹ́yìn tí a pa súìsì, àwọn tó ṣe é sì máa ń kọ iye ìṣẹ́jú tí ẹ gbọ́dọ̀ dúró sí ara rẹ̀. Ẹ kà á, kí ẹ sì dúró.

Nítorí náà, iṣẹ́ àkọ́kọ́ ni pé kí ọ̀gá ẹ̀ka, fítà, oníṣẹ́ iná àti ẹni tó ń dá ẹ̀rọ náà gan-an jókòó pa pọ̀ nídìí ẹ̀rọ kọ̀ọ̀kan. Kí wọ́n kọ ọ́ sórí ìwé kan ṣoṣo: kí ló ń fún ẹ̀rọ yìí lágbára, níbo la ti ń pa ìkọ̀ọ̀kan wọn, kí ló ṣẹ́kù sínú rẹ̀ lẹ́yìn tí a bá pa á. Ẹ lẹ ìwé náà mọ́ ara ẹ̀rọ, ní èdè tí ẹni tó ń dá a lè kà. Mo ti rí ẹ̀rọ kan tí gbogbo àkọlé bọ́tìnnì rẹ̀ jẹ́ èdè Ṣáínà, tó sì jẹ́ pé ọmọ Ìjẹ̀bú ló ń dá a. Àwọ̀ bọ́tìnnì ló fi ń mọ èyí tó fẹ́ tẹ̀. Bí ẹ bá ní irú rẹ̀, ẹ fi ọ̀dà kọ Yorùbá sí i lónìí, kò ní ná yín ní nǹkan kan.

Àgádágodo kan, kọ́kọ́rọ́ kan, ẹnìkan

Ní 1989 ni ìjọba Amẹ́ríkà gbé òfin jáde pé ẹ̀rọ tí wọ́n bá fẹ́ tún ṣe, wọ́n gbọ́dọ̀ ti agbára rẹ̀ pa. Ìpìlẹ̀ òfin náà kò ju ohun tí ìyá kan mọ̀ nínú ilé rẹ̀ lọ: ibi tí o kò bá fẹ́ kí ẹnikẹ́ni ṣí, tì í, kí o sì mú kọ́kọ́rọ́ rẹ̀ dání.

Bí a ṣe ń ṣe é nìyí. Ẹni tó fẹ́ ṣiṣẹ́ lára ẹ̀rọ yóò kọ́kọ́ sọ fún gbogbo ẹni tó ń lò ó pé òun fẹ́ tì í pa. Yóò fi bọ́tìnnì dá a dúró bí wọ́n ṣe máa ń ṣe. Lẹ́yìn náà ni yóò lọ sídìí súìsì àgbà tó ń fún ẹ̀rọ náà níná, yóò fà á wálẹ̀, yóò sì fi àgádágodo tirẹ̀ kọ́ ọ, kọ́kọ́rọ́ náà yóò sì wọ àpò rẹ̀. Yóò so páálí kan mọ́ ọn tí a kọ orúkọ rẹ̀, ọjọ́, àti iṣẹ́ tó fẹ́ ṣe sí. Yóò tú atẹ́gùn dànù, yóò sọ ohun tó bá wà lókè kalẹ̀, yóò dúró kí ohun tó ń yí parí yíyí.

Lẹ́yìn èyí ló kan ohun tí ọ̀pọ̀ ènìyàn máa ń fò, òun sì ni mo gbà pé ó ṣe pàtàkì jù nínú gbogbo rẹ̀. Kó padà sídìí ẹ̀rọ náà, kó rí i pé kò sí ẹnikẹ́ni nítòsí, kó sì tẹ bọ́tìnnì tó ń tan án. Bí ẹ̀rọ náà bá mira, súìsì ibòmíràn ló tì. Èyí máa ń ṣẹlẹ̀! Nínú iléeṣẹ́ tó ti pẹ́, wáyà ti kúrò níbi tí wọ́n ń lọ tẹ́lẹ̀, nọ́ńbà tó wà lára súìsì kò sì bá ti ara ẹ̀rọ mu mọ́. Bí kò bá mira, kó dá bọ́tìnnì padà síbi tó wà, kó wá bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́.

Bí ènìyàn méjì bá ń ṣiṣẹ́ lára ẹ̀rọ kan, àgádágodo méjì ni. Bí wọ́n bá jẹ́ márùn-ún, márùn-ún ni. Ẹ lè ní kí wẹ́dà gé irin pẹlẹbẹ kan kó sì lu ihò mẹ́fà sí i, kí olúkúlùkù rí ibi kọ́ tirẹ̀ sí. Ẹ má ṣe jẹ́ kí fítà fi àgádágodo kan ṣojú gbogbo ọmọ iṣẹ́ rẹ̀. Ó lè parí tirẹ̀, kó ṣí i, kó gbàgbé pé ọmọ kan ṣì wà lẹ́yìn ẹ̀rọ níbi tí ojú rẹ̀ kò tó. Kò sí ẹni tó gbọ́dọ̀ ní kọ́kọ́rọ́ kejì, kódà kó jẹ́ máníjà. Bí ẹnìkan bá ti lọ sílé tí àgádágodo rẹ̀ ṣì wà níbẹ̀, kí ọ̀gá pè é lórí fóònù, kó gbọ́ ohùn rẹ̀, kó fi ojú ara rẹ̀ yẹ inú ẹ̀rọ wò yíká, kó tó di pé wọ́n gé e. Bí wọn kò bá rí i bá sọ̀rọ̀, kí ẹ̀rọ náà dúró di ọ̀la.

Bí súìsì yín kò bá ní ihò tí àgádágodo lè gbà, ẹ yọ fíúsì rẹ̀, kí ẹni tó fẹ́ ṣiṣẹ́ kó o sápò. Tàbí kí wẹ́dà àdúgbò ṣe àpótí irin kékeré bo súìsì náà, tó ṣeé tì. Ẹ̀rọ kéékèèké tó ń lo púlọ́ọ̀gì, ẹ yọ púlọ́ọ̀gì náà, kó wà níbi tí ojú ẹni tó ń ṣiṣẹ́ ti ń rí i.

Ẹ jọ̀ọ́, bọ́tìnnì pupa ńlá tí a ń gbá wọlé nígbà ìjàǹbá kò lè rọ́pò àgádágodo. Ẹnikẹ́ni tó bá ń kọjá lè yí i padà jáde, kò sì pa iná dé inú wáyà mọ́tò. Mo sì tún gbọ́dọ̀ sọ èyí: súìsì ni à ń fi àgádágodo tì, kì í ṣe ilẹ̀kùn. Ní oṣù Kẹsàn-án 2002, iná jó iléeṣẹ́ kan ní Odogunyan, lẹ́bàá Ìkòròdú, ọ̀pọ̀ òṣìṣẹ́ alẹ́ ló sì kú nítorí pé ilẹ̀kùn tó yẹ kí wọ́n gbà jáde wà ní títì. Ẹni tó bá ń bẹ̀rù olè, kó gba ọdẹ sí i.

Nígbà tí iná bá dé

Àwọn tó ń kọ ìwé ààbò ní òkè òkun kì í fi bẹ́ẹ̀ kọ nípa iná tó lọ tó sì padà dé, nítorí iná wọn kì í sábà lọ. Tiwa ń lọ, ó sì ń dé, kò sì sẹ́ni tó mọ àsìkò. Ẹ jẹ́ ká fara balẹ̀ sí i.

Oríṣi súìsì méjì ni ẹ óò bá lára ẹ̀rọ. Ti àkọ́kọ́ ni èyí tí a ń fà sókè tàbí tí a ń yí, tó máa ń dúró síbi tí a fi í sí. Bí iná bá lọ nígbà tó wà lókè, òkè náà ni yóò wà. Ìṣẹ́jú tí iná bá dé, ẹ̀rọ yóò tan fúnra rẹ̀, ìbáà jẹ́ òru, ìbáà jẹ́ pé ọwọ́ ẹnìkan wà nínú rẹ̀. Èyí ló wà lára kúrọ́ṣà tí mo sọ lókè. Ìkejì ni èyí tó ní bọ́tìnnì aláwọ̀ ewé àti pupa, tí iná fúnra rẹ̀ ló ń di irin inú rẹ̀ mú. Bí iná bá lọ, irin náà já sílẹ̀, ẹ̀rọ kò sì ní tan mọ́ àfi tí ẹnìkan bá tún tẹ aláwọ̀ ewé.

Ẹ lè dán tiyín wò. Ẹ tan ẹ̀rọ lófìfo, kí gbogbo ènìyàn jìnnà sí i, kí ẹnìkan pa iná láti orísun rẹ̀, kó sì dá a padà. Ẹ̀rọ tó bá tan fúnra rẹ̀, ẹ sọ fún oníṣẹ́ iná kó pààrọ̀ súìsì rẹ̀ sí irú kejì kí ọ̀sẹ̀ náà tó parí. Kí ó tó pààrọ̀ rẹ̀, kó di àṣà pé bí iná bá ti lọ, ohun tí ọwọ́ kọ́kọ́ ń ṣe ni pé kó pa súìsì.

Ẹ tún wo ibi tí iná ìjọba àti ti jẹnẹrétọ̀ ti pàdé. Súìsì tí ẹ óò kọ́ àgádágodo sí gbọ́dọ̀ wà láàárín ibi ìpàdé náà àti ẹ̀rọ, kó lè jẹ́ pé méjèèjì ló dí. Ẹni tó bá ti iná ìjọba pa, tó sì gbàgbé jẹnẹrétọ̀, ìdajì ilé ló tì. Kí ẹni tó ń tan jẹnẹrétọ̀ kọ́kọ́ lu aago, kó dúró, kó gbọ́ ìdáhùn láti ẹ̀ka kọ̀ọ̀kan kó tó yí iná. Aago náà dára, àmọ́ etí lè má gbọ́ ọ. Àgádágodo kò nílò etí.

Bẹ́líìtì, rólà àti ọwọ́ ènìyàn

Àwọn òṣìṣẹ́ máa ń sọ fún mi pé, “Ẹ̀gbọ́n, ọwọ́ mi yá, mo máa fà á yọ.” Ẹ jẹ́ ká ṣírò rẹ̀. Mọ́tò tí wọ́n kọ 1,440 sí lára, ìyẹn iye ìgbà tó ń yí ní ìṣẹ́jú kan, ń yí ìgbà 24 ní ìṣẹ́jú àáyá kan. Bí púlì orí rẹ̀ bá fẹ̀ ní sẹ̀ǹtímítà 20, bẹ́líìtì rẹ̀ ń sá tó mítà 15 ní ìṣẹ́jú àáyá náà. Kí ojú tó rí ewu, kí ọpọlọ tó sọ fún ọwọ́, kí ọwọ́ tó padà, ó ń gbà tó ìdá kan nínú márùn-ún ìṣẹ́jú àáyá. Mítà mẹ́ta bẹ́líìtì ti kọjá nígbà yẹn. Kò sí ọwọ́ tó yá tó bẹ́ẹ̀.

Èyí tó tilẹ̀ ń ṣe mí láàánú jù ni ẹ̀rọ rólà méjì tí àwọn oníbúrẹ́dì fi ń tẹ ìyẹ̀fun pípò kó lè dán. Kì í sáré, ariwo rẹ̀ kò pọ̀, ọwọ́ ni wọ́n sì fi ń ti ìyẹ̀fun sí i láti òwúrọ̀ ṣúlẹ̀. Bí rólà tó fẹ̀ ní sẹ̀ǹtímítà 20 bá yí lẹ́ẹ̀kan péré ní ìṣẹ́jú àáyá kan, ó ń gbé nǹkan mì ní sẹ̀ǹtímítà 63. Nínú ìdá kan nínú márùn-ún yẹn, ó ti gbé ju sẹ̀ǹtímítà 12 lọ. Ẹ wọn ọwọ́ yín láti orí ìka: gbogbo ìka àti ìlàjì àtẹ́lẹwọ́ ni, kí ẹni náà tó mọ̀ pé òun ti kó sí i. Ìyẹ̀fun a sì máa lẹ̀ mọ́ ọwọ́, òun gan-an ló ń fà á wọlé.

Ohun tó ń gba ọwọ́ là nídìí ẹ̀rọ yìí kì í ṣe ìkìlọ̀. Ẹ gbé pẹpẹ tó dagun sí iwájú rólà, kó gùn tó bẹ́ẹ̀ tí ìka kò fi ní lè dé ẹnu rólà, kí ìyẹ̀fun máa fúnra rẹ̀ yọ̀ wọlé. Ẹ fi ọ̀pá kan dábùú síwájú ẹni tó ń dá a ní ọ̀gangan àyà tàbí ikùn, tó jẹ́ pé bí ara bá ti kàn án, iná yóò pa, tí búrékì yóò sì di rólà mú. Bọ́tìnnì tó wà lára ògiri kò wúlò fún ẹni tí ọwọ́ rẹ̀ ti wọlé.

Ti bẹ́líìtì, púlì àti ṣéènì rọrùn: ẹ bò wọ́n. Láti 1844 ni òfin ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ti ní kí àwọn iléeṣẹ́ aṣọ máa dáàbò bo ara ẹ̀rọ tó ń yí, ọ̀rọ̀ náà kì í ṣe tuntun. Ẹ lo àwọ̀n irin, kí fítà lè máa rí bẹ́líìtì láì ṣí i. Tí ẹ bá fẹ́ mọ̀ bóyá ihò àwọ̀n náà kéré tó, ẹ wá igi tó rí bí ìka ọwọ́ ní fífẹ̀ àti gígùn, kí ẹ sì tì í bọ ihò náà nígbà tí ẹ̀rọ wà ní títì. Bí igi bá kan ohun tó ń yí, ìka ọmọ ènìyàn náà yóò kàn án.

Bí ẹ bá dé ibi ẹ̀rọ tí ẹ rí i pé wọ́n ti tú ààbò rẹ̀ jù sí kọ̀rọ̀, ẹ má tíì bú ẹnikẹ́ni. Ẹ béèrè ohun tí ẹni tó tú u ń wá níbẹ̀. Lọ́pọ̀ ìgbà, gíríìsì ni. Ihò gíríìsì wà nínú, nọ́ọ̀tì mẹ́jọ ló sì di ààbò náà mú. Ta ló fẹ́ tú mẹ́jọ láràárọ̀? Ẹ fi páìpù kékeré kan fa ihò gíríìsì náà jáde síta ààbò, ọ̀rọ̀ parí.

Nípa aṣọ, ohun kan wà tó máa ń ya àwọn ènìyàn lẹ́nu: nídìí ohun tó bá ń yí, bíi ẹ̀rọ tó ń lu ihò tàbí èyí tó ń gbẹ́ irin, ìbọ̀wọ́ aṣọ léwu ju ọwọ́ lásán lọ. Bí òwú rẹ̀ kan bá ti há, gbogbo ọwọ́ ló ń tẹ̀lé e. Ìbọ̀wọ́ wà fún ẹni tó ń gbé páànù tàbí ohun gbígbóná. Apá aṣọ tó fẹ̀, òrùka, okùn káàdì tó wà lọ́rùn, irun dídì tó gùn, etí ìró tó tú sílẹ̀ nídìí ẹ̀rọ tó ń rin ẹ̀gẹ́, gbogbo wọn ni okùn tí ẹ̀rọ lè dì mú. Àwọn obìnrin tó ń lo ìborùn, ẹ fún wọn ní fìlà tó mọ́ orí tàbí ìborùn tó ṣeé kì bọ inú aṣọ, kí ẹ sì bá wọn sọ ọ́ pẹ̀lú ọ̀wọ̀.

Àwọn tó wà nídìí ẹ̀rọ

Wọ́n á gba kásúà lẹ́nu géètì ní aago méje àárọ̀, aago mẹ́jọ ó ti wà nídìí ẹ̀rọ. Òfin iléeṣẹ́ Nàìjíríà ti 1987 kò fàyè gba èyí: kò sí ẹni tó gbọ́dọ̀ dá ẹ̀rọ láìjẹ́ pé a ti kọ́ ọ ní ewu tó wà lára rẹ̀, ẹni tí kò bá sì tíì gba ẹ̀kọ́ tó tó kò gbọ́dọ̀ dá a, àfi tí ẹni tó mọ̀ ọ́n dunjú bá ń bójú tó o. Bí ẹ bá sì kọ́ ọ, ẹ má bi í pé “Ṣé ó yé ọ?” Ọmọ Yorùbá yóò dáhùn pé “Ó yé mi, sà,” nítorí ọ̀wọ̀. Ẹ ní kó pa ẹ̀rọ, kó tì í, kó dán an wò lójú yín, kó sì sọ ìdí tí òun fi ń ṣe é.

Ẹ wo owó náà pẹ̀lú. Bí ẹ bá ń san owó lórí iye tí òṣìṣẹ́ bá ṣe jáde, gbogbo ìṣẹ́jú tó bá fi ti ẹ̀rọ pa ń jẹ nínú owó oúnjẹ rẹ̀. Ẹ san owó ìṣẹ́jú yẹn. Láìjẹ́ bẹ́ẹ̀, ìwé ìkìlọ̀ tí ẹ lẹ̀ mọ́ ògiri ń sọ ohun kan, àpòòwé owó ìparí ọ̀sẹ̀ sì ń sọ òmíràn.

Bí ẹnìkan bá farapa, a máa ń gbọ́ pé Ògún ń bínú, tàbí pé àwọn ará ilé rẹ̀ ló ṣe é. N kò bá ẹnikẹ́ni jà lórí ìgbàgbọ́ rẹ̀. Mo mọ àwọn fítà tó ń bọ Ògún tí wọ́n sì ń ti ẹ̀rọ pa ju ẹnikẹ́ni lọ. Ohun tí mo ń bẹ̀bẹ̀ fún ni pé kí ẹ kọ́kọ́ yẹ súìsì wò.

Bí ó bá ti ṣẹlẹ̀

Ẹ pa ẹ̀rọ láti súìsì àgbà. Bí ọwọ́ bá ṣì há, ẹ má kàn yí i sẹ́yìn. Ẹ pe ẹni tó mọ inú ẹ̀rọ náà kó tú rólà tàbí púlì. Ẹ fi aṣọ mímọ́ tẹ ojú ọgbẹ́ mọ́lẹ̀ gírígírí láìdẹwọ́, kí ẹ sì gbé ọwọ́ náà sókè. Ìka tó bá já, ẹ wá a. Ẹ fi aṣọ mímọ́ tí omi mímọ́ rin díẹ̀ wé e, ẹ fi sínú ọ̀rá, ẹ dì í pa, ẹ wá gbé ọ̀rá náà sínú omi tó ní yìnyín. Yìnyín kò gbọ́dọ̀ kan ìka náà fúnra rẹ̀. Ẹ gbé òun àti ẹni náà lọ sí ilé ìwòsàn ńlá pa pọ̀.

Ẹ má fọ ẹ̀jẹ̀ kúrò kí ẹ tún tan ẹ̀rọ. Ẹ tì í, ẹ ya àwòrán rẹ̀ bó ṣe wà. Ìjàǹbá tó bá pa ènìyàn, tàbí tó bá dí i lọ́wọ́ àti gba owó iṣẹ́ rẹ̀ ní kíkún ju ọjọ́ mẹ́ta lọ, òfin iléeṣẹ́ ní kí ẹ kọ̀wé rẹ̀ sí olùyẹ̀wò iléeṣẹ́ ti ìjọba. Òfin owó gbà-má-bínú fún òṣìṣẹ́ ti 2010 sì tún wà, èyí tí àjọ NSITF ń bójú tó. Ìdá kan nínú ọgọ́rùn-ún owó oṣù gbogbo òṣìṣẹ́ ni agbanisíṣẹ́ ń san sí i. Ọjọ́ 14 ni òṣìṣẹ́ ní láti sọ fún ọ̀gá rẹ̀, ọjọ́ méje ni ọ̀gá ní láti sọ fún àjọ náà. Ẹni tó wà lórí bẹ́ẹ̀dì lè má mọ èyí, nítorí náà kí ẹnìkan láti iléeṣẹ́ mú fọ́ọ̀mù lọ bá a níbẹ̀, kó bá a kọ ọ́ ní ohùn tirẹ̀ gan-an, kó sì fi ẹ̀dà kan sílẹ̀ fún un.